Àgbàrá Tó Kọ̀wé Sára Ògiri

Ìjù-Ọ̀tà,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, 2024.

Fẹ́yìsetán ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Leeds ti ń rọlẹ̀ díẹ̀? Èmi wà ní àlàáfíà, ilé náà sì dúró. Etí mi ọ̀tún ṣì wà bó ṣe wà, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kí a máa kọ̀wé síra wa. Lórí fóònù, ìdajì ohun tí o bá sọ ni mo máa ń gbọ́, màá wá fi èrò ara mi dí ìdajì tó kù. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti kọ ọ́ sínú ìwé, Aǹtí rẹ Kàfáyá yóò fi fóònù mi ya àwòrán rẹ̀, yóò fi í ránṣẹ́, kò sí pé ẹnikẹ́ni ń ṣe "hẹ́lò, hẹ́lò".

Kíláàsì ewì wa ti ń gbèrú. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń wá sí bárándà mi, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà. Ẹni tó ń po ọṣẹ wà níbẹ̀, ẹni tó ń rọ ike wà níbẹ̀. Oṣù yìí, àkàwé là ń kọ́. Mo ń ṣàlàyé fún wọn bí akéwì ṣe ń ṣe nígbà tí kò bá lè pe aláṣẹ ní orúkọ: yóò pè é ní ẹkùn, yóò pè é ní òjò, yóò pè é ní igi ńlá tí kò jẹ́ kí oòrùn dé ara koríko. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń pa lára yóò gbọ́ ọ. Aláṣẹ náà, bó bá gbọ́, kò ní rí ibi tí yóò ti mú un.

Ó ní ohun tó fà á tí mo fi mú ẹ̀kọ́ yìí jáde. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé garawa ọ̀dà pupa wá sí àdúgbò wa. Wọ́n fa àmì sára gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ọ̀nà, láti ilé-epo títí dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù Aǹtí rẹ wà lára wọn, ibi tí òun àti ìyá rẹ ti jọ bẹ̀rẹ̀ ìránṣọ kí ìyá rẹ tó fi ayé sílẹ̀. Kàfáyá bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀ wá wó o. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ máa rí wa, Ìyá." Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú garawa, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Mo wọlé, mo kọ èyí:

Àgbàrá pupa dé, kò kan ilẹ̀kùn,
ó fi ìka kan kọ̀wé sára ògiri wa.
A ka ìwé náà, kò yé wa;
a bi í léèrè, kò dúró.
Igi ń wò ó, kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá.
Ilé ń wò ó, kò lẹ́nu tí yóò fi bẹ̀bẹ̀.
Ọmọ tó yẹ kó bá wa la ojú omi
ti gun òkè lọ, ó ń wòjò lójú fèrèsé.
Àgbàrá ní òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni,
ibi tí wọ́n bá dorí òun kọ lòun ń lọ.

Mo kà á fún wọn lónìí. Ọmọ Ìwó kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Nùrẹ́nì, onísùúrù ọmọ, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ní òun ń ṣe. Kì í sábà sọ̀rọ̀. Òun ló na ọwọ́, ó ní, "Tíṣà, ṣé àgbàrá lè kọ̀ láti ṣàn?" Inú mi dùn sí ìbéèrè náà. Mo fi òwe àwọn baba wa dá a lóhùn, pé àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwọn yòókù kọ ọ́ sílẹ̀. Nùrẹ́nì kò kọ nǹkan kan. Mo rò pé kò tíì yé e ni.

Sọ ohun tí o bá rí nínú ewì náà fún mi. Má pọ́n mi lé nítorí pé mo jẹ́ bàbá rẹ. Aǹtí rẹ sì ní kí o bá òun wá àlùmágàjí tó mú dáadáa, èyí tó ń gé aṣọ iṣẹ́ tó nípọn. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ òun ti ń jẹ aṣọ bí eku.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnlàdé.


Leeds,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún, 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ara líle. Mo kí Aǹtí mi Kàfáyá, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà dùn mí gan-an. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti rí àlùmágàjí náà, mo ti fi rán obìnrin kan tó ń bọ̀ wá sí Ṣàngó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ ní kí n má pọ́n yín lé. Mo ka ewì yín nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mo dé ìlà kan, mo pa fóònù, mo kọjú sí ìta títí mo fi dé ilé. Ọmọ tó yẹ kó bá wa la ojú omi ti gun òkè lọ, ó ń wòjò lójú fèrèsé. Bàbá, ṣé bí ẹ ṣe rí mi nìyẹn? Bàbá àgbàlagbà kan wà tí mo ń tọ́jú níbí. Tó bá sùn lọ́sàn-án, ojú fèrèsé yàrá rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Òjò gan-an ló ń rọ̀ ní ọjọ́ tí ewì yín dé. Ó dà bí ìgbà tí ẹ wà lẹ́yìn mi nínú yàrá.

Ẹ kò sọ fún mi rí pé kí n padà wálé. Tí mo bá bèèrè, ẹ máa ń ní, "Ṣe iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi." Ṣé inú ewì ló yẹ kí n ti gbọ́ òótọ́? Ẹ sì ti kà á fún àwọn tí n kò mọ̀ kí èmi tó kà á.

Ohun kejì ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ ò lè sọ pé ẹ ti gbàgbé ewì àṣá tí ẹ kà níbi ayẹyẹ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà ayé àwọn ológun. Wọ́n gbé yín lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ etí òkun tí ọkọ̀ kì í dé. Kíláàsì kẹrin ni mo wà. Màmá ń ránṣọ, wọ́n ń tọ́ mi, wọ́n sì ń wo ọ̀nà dè yín. Ẹ má ka èyí sí ìta mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ kà á ṣáá, ẹ yọ ìlà èmi kúrò.

Ọmọ yín,
Fẹ́yìsetán.


Ìjù-Ọ̀tà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, 2024.

Fẹ́yìsetán,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á.

Kì í ṣe ìwọ ni mo bá wí. Ṣé o rántí Gbọ́ládé tí mo kọ́ ní Yorùbá, tó máa ń wá jẹ ẹ̀wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ? Òun ni kańsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa báyìí. Kí wọ́n tó dìbò, àràárọ̀ ló ń wá kí wa. Lẹ́yìn ìbò, ó kó lọ sí ilé alájà kan lórí òkè níbi tí omi kì í dé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa ọ̀dà pupa sára ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn, a ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun ni ọmọ orí òkè. Òun ló ń wòjò.

Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé àdúgbò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó wá, ó jókòó níwájú. Mo dìde, mo ka ewì náà. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ kàn án, mo rọra kà á, mo wò ó lójú. Mo parí. Òun ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí Tíṣà mi sọ nípa àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń da omi ìdọ̀tí sójú ọ̀nà wa." Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Aǹtí rẹ fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Bí iṣẹ́ àkàwé ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí mo ta ọfà sí kò mọ̀ pé ọfà ba òun. Ẹni tí n kò ta á sí ló ń ṣẹ̀jẹ̀ ní Leeds. Tí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ bá ọ wí, ọmọ mi, inú lẹ́tà ni màá ti sọ ọ́, màá sì fi orúkọ rẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. N kò ní yọ ìlà náà. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé kò sí ìwọ níbẹ̀.

Ní ti ewì àṣá, ìyá rẹ ló ní kí n kà á. Mo ti fẹ́ pa á mọ́. Ó ní tí n kò bá kà á, kí n má ṣe wá máa kà á sí òun létí lórí ibùsùn mọ́, nítorí òun kọ́ ni ológun. O kéré nígbà náà, o ò lè mọ̀.

Ohun kan kù. Ẹnì kan fi fóònù gbà mí sílẹ̀ níbi ìpàdé náà, fídíò náà sì ti ń kiri. Wọ́n ní kí n wá rí àwọn kan ní ọ́fíìsì ìjọba lọ́jọ́ Ajé. Má dààmú. Aṣọ funfun mi ni màá wọ̀ lọ.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, 2024.

Bàbá mi,

Láti ọjọ́ tí ẹ ní ẹ ń lọ sí ọ́fíìsì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Fóònù yín kò lọ. Mo pe Aǹtí Kàfáyá, ariwo ló wà lẹ́yìn wọn, bíi pé àwọn èèyàn ń fa irin nílẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ wà dáadáa, à ń kó ẹrù ni, màá pè ọ́." Wọn ò pè. Ẹrù wo? Ẹ ń kó o lọ síbo?

Èèyàn kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń jẹ́ Joy, ọmọ Benin. Mo túmọ̀ ewì yín fún un torí pé ó rí mi tí mo ń sunkún. Ó ní, "Ah, ọ̀gá wa tó ń ṣètò iṣẹ́ ni bàbá ẹ ń sọ." Mo ní rárá. Ó ní, "Àgbàrá ń sọ pé òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wa náà kì í bínú. Á kàn fi ìwé lẹ̀ mọ́ ògiri pé Joy, ọjọ́ Àìkú, iṣẹ́." Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà yà mí lẹ́nu.

Bàbá, ẹ máa bínú sí mi tí ẹ bá fẹ́. Ẹ sáà kọ ìlà kan. Tí n kò bá gbọ́ títí ọ̀sẹ̀ yìí fi parí, màá ra tíkẹ́ẹ̀tì, ibi tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá yọrí sí, kó yọrí síbẹ̀.

Fẹ́yìsetán.


Ìjù-Ọ̀tà,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà, 2024.

Fẹ́yìsetán ọmọ mi,

Má ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ara mi le. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì rọlẹ̀ ná kí n tó kọ̀wé; ìgbà tí a wá ń kó ẹrù ni fóònù mi bọ́ láti inú àpò, tí maṣíìnì ìránṣọ sì bọ́ lé e. Fóònù Aǹtí rẹ la ó fi ya àwòrán ìwé yìí. Ẹ kú ìdààmú ọkàn, ìwọ àti Joy. Jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe tẹ̀ léra.

Ní ọ́fíìsì, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fáìzàh ló gbà mí lálejò. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi ní àga lábẹ́ fáànù. Ó gbé ìwé síwájú, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni. Ta ni àgbàrá?"

Mo ní, "Omi ni."

"Ta ló ń kọ̀wé sára ògiri?"

"Omi náà ni. Tó bá ti lọ tán, ó máa ń fi ìlà pupa sílẹ̀ lára ògiri. Ẹ wá wo ilé mi."

"Ọmọ tó gun òkè ńkọ́?"

Mo ní, "Ọmọ mi tó wà ní Leeds ní òun ni." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. N kò sì purọ́.

Ó wá ní kí n má ṣe kà á níbi tí èrò bá pọ̀ sí mọ́ títí iṣẹ́ ọ̀nà yóò fi parí. Mo bi í bóyá òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi gbà. Èmi ni wọ́n á bi." Mo wo ojú rẹ̀. Mo bá a gbà.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Nùrẹ́nì yà sọ́dọ̀ mi ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ kíláàsì. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní, "Tíṣà, èmi ni mo ń wa katapílà ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ ọ̀nà yìí. Ọjọ́ Ajé là ń bọ̀ ní àdúgbò yín."

Ọ̀rọ̀ náà kò tètè wọ̀ mí létí, kì í sì í ṣe nítorí etí mi ọ̀tún. Mo ní, "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti ka ewì yẹn fún wa. Mo bi yín ní ìbéèrè, ẹ fi òwe dá mi lóhùn."

Ó tún ní, "Tí mo bá kọ̀, wọ́n á gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹni yẹn ò ní wá sọ fún yín. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kí lẹ rí pé kí n ṣe, Tíṣà?"

Fẹ́yìsetán, láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú ni mo ti ń kọ́ èèyàn bí a ti ń fi omi pe ìjọba, bí a ti ń fi igi pe mẹ̀kúnnù. Ọ̀rọ̀ náà dúró síwájú mi, ó wọ ṣòkòtò jíìnsì, ó ń béèrè ìdáhùn. Mo kàn ń fọwọ́ pa apá àga.

Inú ilé ni Aǹtí rẹ wà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jáde. Mo rò pé yóò bú u. Ó bi í pé, "Aago mélòó lẹ máa dé?" Nùrẹ́nì ní àárọ̀ kùtù. Ó ní, "Ó dáa." Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó jáde lọ sọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù yòókù.

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn la ti ń kó. A tú páànù, a yọ fèrèsé, a gbé àwọn maṣíìnì wá sí bárándà mi. Onígbàjámọ̀ kó àga rẹ̀ sílé ìyá rẹ̀ ní Àtàn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ògiri nìkan ló kù lójú ọ̀nà, àti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Kàfáyá, tí ìdè rẹ̀ ti dípẹtà, tó kọ̀ tí kò tú.

Katapílà dé. Nùrẹ́nì jókòó sókè níbẹ̀, kò wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa. Ó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-epo, ògiri ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ṣọ́ọ̀bù Aǹtí rẹ, ó pa ẹ̀rọ. Ọ̀gá rẹ̀ ń pariwo lé e lórí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú irin kan dání, òun àti Kàfáyá jọ yọ ilẹ̀kùn náà, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ó padà gòkè, ó sì ti ògiri náà.

Kò pẹ́ tó fi wó. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo rò pé ibi tí ìyá rẹ jókòó sí tó bẹ́ẹ̀ yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó wó.

Bàbá rẹ,
Ògúnlàdé.


Leeds,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, 2024.

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ewu. Ẹ bá mi kí Aǹtí mi, ẹ ní mo ní wọ́n kú ìfaradà. Mo ka lẹ́tà yín, mo tún kà á fún Joy. Ó bèèrè orúkọ ọmọ Nùrẹ́nì, n kò mọ̀ ọ́n.

N kò ní parọ́ fún yín, inú bí mi sí Nùrẹ́nì. Mo bínú sí i fún odidi ọjọ́ méjì. Ẹ̀yìn náà ni mo wá rí i pé ẹ̀yin àti òun kọ́ ló jẹ mí níyà, ewì náà ni. Ẹ ní kí n sọ ohun tí mo bá rí. Ohun tí mo rí nìyí.

Ẹ pe ìjọba ní àgbàrá. Ó dùn létí, ó sì bá ilẹ̀ wa mu. Ṣùgbọ́n ta ló lè bá àgbàrá ṣẹjọ́? Àgbàrá kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó ní kí wọ́n fa ọ̀dà pupa mọ ohun tó ń ṣe. Ó jókòó nídìí tábìlì, ó mu omi tútù, ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì lè ní rárá. Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ dídùn gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹ wá gbé e lé Nùrẹ́nì. Àwa náà, ẹ pè wá ní igi tí kò lẹ́sẹ̀ àti ilé tí kò lẹ́nu. Bàbá, Aǹtí Kàfáyá lẹ́nu. Aago mélòó lẹ máa dé? Mi ò gbọ́ ìbéèrè tó lágbára tó ìyẹn rí.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní èmi tó wà lókèèrè ló rọrùn fún láti sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Níbi tí mo wà, kò sẹ́ni tó máa pè mí wá sábẹ́ fáànù. Bóyá ìdí tí ìlà yẹn fi bà mí nìyẹn, kì í ṣe pé ẹ kọ ọ́ nípa mi.

Mo ti gba àyè ìsinmi fún oṣù Kejìlá. Mo ń bọ̀ wálé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa ẹran kankan, mo kàn fẹ́ jókòó ní bárándà.

Ọmọ yín,
Fẹ́yìsetán.


Ìjù-Ọ̀tà,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje, 2024.

Fẹ́yìsetán ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Joy. Ìròyìn pé o ń bọ̀ ti dé etí gbogbo àdúgbò, Aǹtí rẹ kò lè fi nǹkan bò. Ṣùgbọ́n bárándà tí o fẹ́ jókòó sí ti di ilé ìránṣọ. Maṣíìnì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń gbé aṣọ iṣẹ́ wá bí ti tẹ́lẹ̀. Ìdì aṣọ iṣẹ́ kún yàrá rẹ dé òkè, ìwọ àti aṣọ lẹ jọ máa sùn. Mo máa ń ráhùn pé ariwo pọ̀ nínú ilé mi. Má gbà mí gbọ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, n kò jẹun láàárín èèyàn tó báyìí.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún kíláàsì. Wọ́n jà sí i. Ọmọ tó ń po ọṣẹ ní kí á fi àgbàrá sílẹ̀, pé ewì tó bá dárúkọ èèyàn, àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò ti parí. Ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Wọ́n ní kí èmi dá ẹjọ́ náà. Mo ní àwọn méjèèjì jàre, wọ́n sì bínú sí mi. Ṣùgbọ́n mo ti mú igi àti ilé kúrò nínú ewì náà. Ibẹ̀ ṣófo báyìí, mo ṣì ń wá ohun tí màá fi sí i.

Nùrẹ́nì kò wá láti ọjọ́ tó ti wó ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ ránṣẹ́ sí i, n kò mọ ohun tí màá sọ. Ní ọjọ́ kan, Aǹtí rẹ ká ṣòkòtò kan, ó fi sínú ọ̀rá, ó ní, "Bàbá Fẹ́yìsetán, ẹ jẹ́ ká lọ." Mo ní níbo. Ó ní ṣòkòtò iṣẹ́ Nùrẹ́nì ni, pé ó mú un wá kí òun bá a pààrọ̀ síìpù rẹ̀ kí gbogbo wàhálà yìí tó bẹ̀rẹ̀, pé ojú ń ti òun láti jẹ́ kí aṣọ oníbàárà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun.

A bá a nínú ilé, lẹ́yìn àwọn tó ń ta pákó. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ pọ̀n. Nùrẹ́nì dìde, ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde mọ́.

Aǹtí rẹ na ọ̀rá sí i. Ó ní, "Ṣòkòtò rẹ rèé. Ọjọ́ Àìkú, kí o wá."

Ó ní, "Ìyá, ṣọ́ọ̀bù yín ni mo wó."

Kàfáyá ní, "Mo wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n rán ọ ni. Àwọn tó rán ọ ò lè wá jókòó lọ́dọ̀ wa, ojú ò ní jẹ́ kí wọ́n wá. Ìwọ lè wá. Dìde nílẹ̀, ìyàwó rẹ ń wò ọ́." Ó gba ọmọ náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ́túndé ni orúkọ rẹ̀, sọ fún Joy. Ọmọkùnrin ni, ó sì ti mọ bí a ti ń fa gèlè.

Àná, ọjọ́ Àìkú, wọ́n wá, tọkọtaya àti ọmọ. Àwọn yòókù sún fún un. Ẹni kan kò kọ́kọ́ kí i, nígbà tó yá ó kí i. Mo bèèrè pé ta ló ní nǹkan tó fẹ́ kà. Nùrẹ́nì na ọwọ́. Kò kọ ewì rí láti ìgbà tó ti ń wá. Ó dìde, ó di ìwé náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e bo ojú. Ó ní:

Orúkọ mi ni Nùrẹ́nì.
Èmi ni mo wa katapílà.
Wọ́n rán mi, mo lọ.
Ẹni tó rán mi ní orúkọ tirẹ̀;
mo mọ̀ ọ́n, màá sì pè é.

Ọmọ tó ń po ọṣẹ ló kọ́kọ́ fọhùn, ó ní, "Tíṣà, àkàwé dà níbẹ̀?" Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé, o mọ̀ mí. Aǹtí rẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, gbogbo bárándà sì parọ́rọ́.

Ó ní, "Nùrẹ́nì, tún un kà."

Ó tún un kà. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó gbé ìwé náà kúrò lójú.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ,
Ògúnlàdé.